Ẹ Má Jẹ́ Kí Igbó Ha Jíìpù Wa

Mo ní àbá kan fún àwọn aṣòfin wa. Kí wọ́n ṣòfin pé gbogbo igi tó bá wà lẹ́bàá ọ̀nà oko gbọ́dọ̀ gé èékánná. Ẹ̀ka tó bá na ọwọ́ sójú ọ̀nà, kí ọlọ́pàá mú un. Òkúta tó bá yọrí lábẹ́ mọ́tò ọlọ́lá, kó lọ fẹ̀wọ̀n jura. Ẹrẹ̀ pàápàá gbọ́dọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí èèyàn ńlá bá ń kọjá. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, igbó á kàn máa hùwà igbó sí ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún igbó, ìyẹn ò sì bójú mu rárá.

Ẹ mọ irú ọkọ̀ tí mò ń wí. Jíìpù gíga ni, tí ìyàwó ilé á ká ìró sókè kó tó lè wọ̀ ọ́. Irin ńlá wà níwájú rẹ̀, tí wọ́n ní bó bá kọ lu màlúù, màlúù ló máa bẹ̀bẹ̀. Ọ̀pá dúdú kan gba ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì lọ sókè òrùlé. Òun ni mọ́tò fi ń mí bó bá wọ odò, kí omi má bàa gba ibi afẹ́fẹ́ wọlé kó sì ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Odò wo? Omi tó tíì pọ̀ jù tí mọ́tò yìí fojú kàn ni ti àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò lẹ́bàá títì. Ọ̀rá tí wọ́n fi bo ìjókòó rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Bí ọ̀gá bá sún díẹ̀, á dún wàrà-wàrà. Ooru á mú un, òógùn á bò ó nídìí, ṣùgbọ́n ọ̀rá kò gbọdọ̀ kúrò, nítorí àga ò gbọdọ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ti jókòó lórí òun rí.

Wọ́n ń ṣe ìnáwó òkú àgbà kan ní abúlé kan lẹ́yìn Ìdànrè, mo wà níbẹ̀. Ibi tí ọ̀dà ti tán, tí ọ̀nà oko kòkó ti bẹ̀rẹ̀, ni irú jíìpù bẹ́ẹ̀ ti dúró. Dírẹ́bà bọ́ sílẹ̀, ó wo ọ̀nà, ó wo ara mọ́tò, ó mi orí. Ọ̀gá náà bọ́ sílẹ̀, òun náà mi orí. Ni wọ́n bá pe ọlọ́kadà. Ọ̀gá ká agbádá lé èjìká, ó kó ìyókù sáàárín itan, ó di ọlọ́kadà mú níbàdí, eruku pupa sì gbé wọn mì. Mọ́tò tí wọ́n fi owó tó tó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ rà nítorí ọ̀nà tí kò dára, abẹ́ igi máńgòrò ló wà, tí dírẹ́bà ń fi aṣọ nù ún. Ọ̀kadà tí wọ́n rà nítorí pé kò wọ́n, òun ló wọgbó. Nígbà tí ọ̀gá fi máa padà dé, fìlà funfun ti di fìlà yangí. Ṣùgbọ́n jíìpù ń dán gbinrin. Ẹ bá wọn yọ̀.

Ẹni tó bá mọ ìtàn àwọn ọkọ̀ yìí á rẹ́rìn-ín. Ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé Land Rover han aráyé, níbi ìpàtẹ mọ́tò ní Amsterdam. Àgbẹ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn. Ogun Àgbáyé Kejì ò tíì pẹ́ tó parí, irin wọ́n bí imí eégún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bá fi álúmíníọ́mù ṣe ara rẹ̀. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ àwọn ológun ni wọ́n fi kun àwọn àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá á máa dán. Mercedes G-Class ńkọ́, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní G-Wagon? Láti 1979 ni wọ́n ti ń ṣe é ní ìlú Graz, lórílẹ̀-èdè Austria, àwọn ológun sì wà lára àwọn tí wọ́n ṣe é fún. Lónìí, iwájú gbọ̀ngàn ìnáwó ló ń gbé. Òkè kan ṣoṣo tó ń gùn ni èbè tí àwọn ará àdúgbò mọ sójú títì kí mọ́tò má bàa sáré, ó sì máa ń fẹ̀gbẹ́ gùn ún tìṣọ́ratìṣọ́ra.

Ẹ wá wo ọmọ tálákà. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ PAN ní Kaduna bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504 pọ̀ ní Nàìjíríà. Lọ́dún yẹn náà ni Ove Andersson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, fi 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari Rally ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, níbi tí eruku àti ẹrẹ̀ ti máa ń fi mọ́tò ṣẹ̀sín. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò 504 yẹn ṣì ń kó kòkó jáde nínú oko wa dòní. Okùn ni wọ́n fi de ìlẹ̀kùn ọ̀tún, àdúrà ni wọ́n fi de ti òsì. Ẹ̀ka igi kan ha ọ̀kan báyìí láti ojú iná dé ìdí, ó dún débi pé èmi tí mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà pariwo pé, “Bàbá, igi ti ha mọ́tò yín o!” Bàbá ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ní, “Ṣé mọ́tò ti wá dúró ni?”

Ìdáhùn yẹn ló yẹ kí wọ́n máa tẹ̀ mọ́ ìwé ẹ̀rí gbogbo jíìpù tó bá gúnlẹ̀ sí Apápá. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Igbó ní owó orí tó ń gbà, kì í sì í fún èèyàn ní rìsíìtì. Eruku á dí fílítà, ẹ́ńjìnnì ò ní lè mí dáadáa. Rọ́bà bọ́ọ̀ṣì á jẹ, ṣọ́ọ̀kì á máa jo ọ́ìlì. Omi á wọ inú gíà, ọ́ìlì á pa àwọ̀ dà. Ẹni tó mọ ọ̀nà oko á ti fi owó èyí sápá kan kó tó kúrò nílé. Á tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ nínú taya kó tó wọ ẹrẹ̀, kí taya lè tẹ́ mú ilẹ̀, á sì fẹ́ ẹ padà bó bá dé ọ̀dà. Bó bá délé, á fọ abẹ́ mọ́tò kó tó fọ òkè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá ní kò sí ohun tó kan òun nínú gbogbo èyí, òun á gbé tòun pamọ́ sí gárééjì. Ó dáa. Ìwé tó ń bá àwọn Toyota kan tó ń fi taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà wá láti ilé iṣẹ́ sọ pé, ó kéré tán, kí ẹni tó ni ín máa fi taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn tó kìlómítà 16 lóṣooṣù, kí ọ́ìlì lè kárí àwọn irin iwájú. Ta ló ń ka ìwé yẹn? Òun náà ṣì wà nínú ọ̀rá tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí òjò bá wá ká ọ̀gá mọ́nú ẹrẹ̀ lóòótọ́, irin tó yẹ kó fà á jáde á ti gan pa. Taya tí kò rin ọ̀nà á gbó síbi tó wà, á sán. Àwọn eku á sì ti fi wáyà iná jẹun alẹ́, wọn ò ní ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó sá fún àpá oko, àpá ilé ń dúró dè é.

Ẹ má sì jẹ́ ká pàtẹ́wọ́ fún Bàbá jù. Nígbà tí a dé orí òkè kan, ọmọkùnrin kan fò bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn mọ́tò pẹ̀lú igi ńlá lọ́wọ́, ó sáré tẹ̀lé wa, ó sì ju igi náà sábẹ́ taya gbàrà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé bírékì mọ́tò yìí ní ẹsẹ̀ méjì, ó sì ń jẹ gààrí. Bàbá ti gba àpá, ó gba egbò, ó ti wá ń gba ikú mọ́ ọn, ó ní kádàrá ni. Kì í ṣe kádàrá, bàbá mi. Awọ ni ọ̀dà, awọ ni bọ́ńpà àti dígí ẹ̀gbẹ́. Kí igbó máa ha wọ́n lọ. Eegun ni bírékì, sítíárì àti bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ohun tó jọ mí lójú ni pé ẹni tó lówó àtitún eegun ṣe, awọ ló ń sunkún lé lórí. Ẹni tó ti fi awọ sílẹ̀ kò rówó tún eegun ṣe.

Ta wá ni ká bi? Bí aláṣẹ bá fẹ́ lọ sí abúlé, gírédà ló máa ń ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Á ha ọ̀nà mọ́lẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí jíìpù ń bọ̀, òjò méjì tó bá rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn á sì gbà á padà. Ìdí nìyí tí àwọn aláṣẹ fi ń rò pé ọ̀nà wà. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ kọ ti di ohun tí wọ́n fi ń wé àkàrà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí òkúta kan kọ lu abẹ́ jíìpù alága ìjọba ìbílẹ̀, ẹ ó rí i pé wọ́n á kà á látòkè délẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará oko, bí wọ́n bá kéde pé alága ń bọ̀, ẹ má da yangí sínú ihò kankan. Ẹ jẹ́ kó bá ọ̀nà bí ẹ ṣe ń bá a lójoojúmọ́. Bó bá wá dé, tó ń yí mọ́tò rẹ̀ ká, tó ń fọwọ́ pa á lára, ẹ gbé àga fún un, ẹ bu omi tútù fún un mu, kí ẹ sì kí i dáadáa pé, “Alága, ẹ kú ewu ọ̀nà.”