Àgbájọ Ọwọ́ Tó Ń Sọ̀yà, Tí Kò Gbẹ́rù

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà; ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Bóyá la fi lè rí ẹgbẹ́ kan nílẹ̀ Yorùbá, láti orí alájẹṣẹ́kù títí dé orí awakọ̀, tí kò tíì fi òwe yìí ṣí ìpàdé rí. Àwọn awakọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń wí: bí ọkọ̀ bá rì sínú ẹrẹ̀, ọwọ́ púpọ̀ ló ń tì í jáde. Àwọn alájẹṣẹ́kù náà mọ̀ ọ́n: náírà díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n dá jọ ló ń di owó ilẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn òǹkọ̀wé náà ti gba òwe yìí lò, ó dà bíi pé ìdajì rẹ̀ ló wọ̀ wọ́n létí. Wọ́n gbọ́ “àgbájọ ọwọ́”, wọ́n sì gbọ́ “sọ̀yà”. Ẹrù tí òwe ní ká gbé dórí, kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀.

Ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé tí mò ń wí yìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá orúkọ rẹ̀ lẹ́nu mi. Ó wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Abẹ́òkúta, ó wà ní Àkúrẹ́. Bí ẹ bá dé Peckham ní London, ẹ óò bá ẹ̀ka rẹ̀ níbẹ̀, tòun ti kóòtù òtútù. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Sátidé kìíní oṣù ni ìpàdé, nínú kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ní aago mẹ́wàá, akápò nìkan ló ti dé, torí òun ló ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ àwọn tó pẹ́. Nígbà tó bá fi máa kọjá mọ́kànlá, àwọn àgbàlagbà ti kún orí àga tí wọ́n kàn fún ọmọ ọdún méje, orúnkún wọn ń kan àgbọ̀n. Wọ́n á gbàdúrà ti Kristẹni, wọ́n á gbàdúrà ti Mùsùlùmí, wọ́n á júbà bàbá ìsàlẹ̀ tí kò wá, wọ́n á sì ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá. Ká sòótọ́, àkọsílẹ̀ yìí nìkan ni ohun tí ẹgbẹ́ náà ń kọ parí lóṣooṣù, akọ̀wé sì mọ̀ ọ́n kọ. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní àárín, ó ní ìjà.

Ẹ jẹ́ ká dé orí oyè. Ààrẹ wà, igbákejì kìíní àti ìkejì wà, akọ̀wé àgbà, akọ̀wé owó, akápò, alukoro, ayẹ̀wéwò, ìyá ẹgbẹ́, bàbá ẹgbẹ́. Bí a bá yọ àwọn olóyè kúrò, ọmọ ẹgbẹ́ lásán tó kù kò tó ẹni tí yóò gbá yàrá. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ àńkárá àjọ̀dún. Àwọn kan ní àwọ̀ búlúù ló yẹ, torí pé àwọ̀ yíǹkì nìyẹn. Àwọn mìíràn ní funfun, torí bébà. Ọkùnrin kan tó ń ta àńkárá, tí ó ṣèèṣì jẹ́ akéwì pẹ̀lú, ní aláwọ̀ ewé ni kí wọ́n rà, nítorí òun ló wà ní ṣọ́ọ̀bù òun. Ìjíròrò yìí gbà wọ́n ní àkókò tí èèyàn lè fi ka ìwé kékeré kan tán.

Nígbà tí wọ́n bá tó rántí pé ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé ni àwọn, ìrẹsì ti ń ta sánsán. Ọmọkùnrin kan á dìde, á fa fóònù yọ, á ka ewì lórí òjò. Kò tíì parí rẹ̀ tí ariwo á fi sọ: “Ó dùn!” “Akéwì gidi!” “Iṣẹ́ ńlá!” Yìn mí kí n yìn ọ́ ni, lónìí ni tìrẹ, lóṣù tó ń bọ̀ ni tèmi. Ìyá arúgbó kan nìkan ló máa ń ba ọjà yìí jẹ́, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, tí bírò pupa kì í kúrò nínú àpò rẹ̀.

“Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o,” ni ó wí. “Òjò tó ti rọ̀ láti ìlà kejì, báwo ni eruku ṣe tún ń sọ lálá ní ìlà karùn-ún?”

“Màmá, àwòrán inú ọkàn ni.”

“Mo gbọ́. Ṣé ọkàn náà kò tutù ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin náà fajú ro. Kó tó di alẹ́ ọjọ́ yẹn, alukoro ti kọ ọ́ sójú WhatsApp ẹgbẹ́ pé àwọn àgbà kan wà tí ń pa ẹ̀bùn ọ̀dọ́, pé kí Olúwa má jẹ̀ẹ́ kí a pàdé apani-lẹ́bùn. Mẹ́tàdínlógún nínú wọn ṣe àmín. Kò sẹ́nìkan tó padà lọ wo ìlà karùn-ún.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ àyà sọ o. Ní 1914, àwọn akọ̀wé àti oníṣòwò tó mọ̀wé nílùú Ìbàdàn dá Ẹgbẹ́ Àgbà-ò-tán sílẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ ara wọn á mọ̀ pé wọn kò fojú kékeré wo ara wọn. Àmọ́ ẹ wo ẹrù tó wà lórí wọn. Isaac Babalọlá Akínyẹlé ti kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde ní 1911, kí ẹgbẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Òun náà ló wá jẹ Olúbàdàn ní 1955. Dẹ́ńrẹlé Ọbasá, tí ìwé ìròyìn The Yoruba News ń ti ọwọ́ rẹ̀ jáde láti 1924, ń fi ewì Yorùbá sínú rẹ̀, ó sì kó wọn jọ di Ìwé Kìíní ti Àwọn Akéwì ní 1927. Ìkejì àti ìkẹta tẹ̀lé e. Akinpẹ̀lú Ọbíṣẹ̀san ní tirẹ̀ ń kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ ọdún: gbèsè rẹ̀, ìjà rẹ̀, ohun tó dùn ún àti ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ìwé náà wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ ìtàn sì ń jẹun lórí rẹ̀ títí di òní. Lálẹ́ tó ń kọ ọ́, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún un.

Nígbà tó di 1961, Ulli Beier, Wọlé Ṣóyínká, J. P. Clark, Christopher Okigbo, Chinua Achebe, Ezekiel Mphahlele àtàwọn mìíràn gbé ẹgbẹ́ Mbari kalẹ̀ nílùú kan náà, nínú ilé tó ti jẹ́ ilé oúnjẹ àwọn ará Lẹ́bánónì tẹ́lẹ̀. Ọtí wà níbẹ̀, ariwo wà níbẹ̀, ìgbéraga kò sì wọ́n wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ jáde. Orúkọ Mbari wà lára Heavensgate tí Okigbo kọ, 1962. Ó wà lára Three Plays ti Ṣóyínká, 1963. Àwọn náà ló tẹ A Walk in the Night, ti Alex La Guma, ọmọ South Africa tí ìjọba ìlú rẹ̀ ti pa lẹ́nu mọ́ nílé. Ọdún kan péré lẹ́yìn ti Ìbàdàn, Dúró Ládiípọ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, nígbà tó sì fi di 1964, eré rẹ̀, Ọba Kò So, ti dé Berlin. Àwọn ẹgbẹ́ òde òní mọ ìtàn yìí dáadáa. Ibi gbogbo tí wọ́n bá ti fẹ́ tọrọ owó ni wọ́n ti ń sọ ọ́.

Ibi tí àyà sísọ wọn ti wá dójú ẹ̀ ni ìkówèéjáde, ẹ jẹ́ kí n rọra dé orí rẹ̀. Ẹni tó kọ̀wé ti gbé iṣẹ́ lọ bá àwọn atẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá, tàbí ní Ṣómólú l’Ékòó. Ó ti sanwó ẹ̀yìn ìwé aláràbarà, tí àwòrán òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ nínú agbádá. Kí ẹnìkan yẹ àṣìṣe wò? Owó ti tán. Àmì ohùn ńkọ́? Fọ́ǹtì atẹ̀wé sọ wọ́n di àpótí kéékèèké, ni wọ́n bá yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, wọ́n ní ó di ẹ̀dà kejì. N kò tíì rí ẹ̀dà kejì kankan.

Ọjọ́ pé, gbọ̀ngán kún. Alága wà, olórí akówèéjáde wà, igbákejì rẹ̀ wà, ìyá ọjọ́, bàbá ọjọ́. Ẹni tí yóò ṣe àgbéyẹ̀wò ìwé gbà á láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ó kà á nínú ọkọ̀ láti Bódìjà dé Dùgbẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́sọ ló sì kà dé. Ó wá fi ogójì ìṣẹ́jú yin bébà, ó yin àwọ̀ ẹ̀yìn ìwé, ó ròyìn bí òun àti òǹkọ̀wé ṣe jọ jẹ ẹ̀bà nílé-ẹ̀kọ́ girama. Olórí akówèéjáde dìde, ó ní òun gba ẹ̀dà kìíní ní ìdajì mílíọ̀nù náírà. Ìlù sọ. Owó náà ń bọ̀ láti báńkì. Ó ṣì ń bọ̀ nígbà tí mò ń kọ èyí. Àwọn àlejò ra ìwé, wọ́n kó o pọ̀ mọ́ abọ́ rọ́bà tí wọ́n pín. Ọjọ́ kejì, abọ́ rọ́bà ti wà ní ilé ìdáná, ó ti ń ṣiṣẹ́. Ìwé ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Bí ẹ bá bi òǹkọ̀wé léèrè iye ẹni tó kà á, iye ẹni tó wá síbi ìkójáde ni yóò dá yín lóhùn.

Àwọn kan náà yìí ló máa ń sunkún pé Yorùbá kò ràwé mọ́. Ẹ wọ ojú WhatsApp wọn. Lẹ́yìn “ẹ kú àárọ̀ o” tó ní òdòdó, lẹ́yìn ìpolówó sìmẹ́ǹtì àti ìkéde òkú, PDF ìwé òǹkọ̀wé ẹlẹgbẹ́ wọn ni ẹ óò bá níbẹ̀, odidi, lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú àkọlé pé “ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn”. Ẹni tó fi í síbẹ̀ ni alága ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé.

Ti ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé tún dé. Nígbà ọjọ́ ìbí ààrẹ, akọ̀wé kan ní kí ẹ̀rọ kọ oríkì fún un. Ẹ̀rọ kọ ọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá: ààrẹ di ọmọ ẹkùn, ó di ọmọ erin, ó di ọmọ òkun, láì mẹ́nu ba ìyá kan tàbí baba kan tó bí i, tàbí ilé kan tó ti jáde. Wọ́n ní “Ó dùn!” N kò bínú sí ẹ̀rọ. Ó ṣe bí ọmọ ẹgbẹ́ gidi.

Òwe ní ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Fágúnwà olùkọ́ kò gbọ́; ó jókòó ti Ògbójú Ọdẹ títí tó fi jáde ní 1938. Amos Tutùọlá, òjíṣẹ́ ọ́fíìsì l’Ékòó, kò gbọ́. Ìwé rẹ̀ dé ọwọ́ àwọn òǹkàwé ní London ní 1952, bẹ́ẹ̀ ni kò sí alukoro tó kéde rẹ̀. Ṣé òwe parọ́ ni? Kò parọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ru igi rí mọ̀ pé ọwọ́ kejì yẹn, ọwọ́ ẹni tó ń báni gbé e ru ni. Ó fara balẹ̀, ó di ìsàlẹ̀ ẹrù mú, ó ní “ó wọ́ sápá òsì, tún un ṣe”. Bí ó bá ti jókòó lórí tán, ọrùn ẹni tó ni ẹrù ló kù. Ẹni tí kò di igi kankan láti inú oko, tó wá dúró sójú ọ̀nà pé kí wọ́n báun gbé e ru, kí ni wọ́n fẹ́ gbé? Ohun tí ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé wà fún kò ju ìyẹn lọ: kí èèyàn gbé ojú ìwé tó ti fi òru kọ wá, kí ẹlòmíràn kà á, kí ó sọ ibi tó wọ́.

Màmá Tíṣà, ìyá oníbírò pupa yẹn, kò lọ sí ìpàdé mọ́. Ó ń jókòó ní Ọjọ́bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan, òun àti aránṣọ náà, ọmọbìnrin agùnbánirọ̀ kan, àti ọmọkùnrin olójò yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà. Ó tọ̀ ọ́ wá ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo ti yọ eruku kúrò.” Wọn kò ní ààrẹ, wọn kò ní àńkárá, àfi ègé aṣọ tí aránṣọ fi ń nu máṣíìnì. Ẹni tí kò bá mú ojú ìwé wá ló ń ra ẹ̀pà. Ìtàn aránṣọ náà, tó dá lórí obìnrin tó gbé aṣọ ìgbéyàwó wá tí kò padà wá gbà á, wọ́n ti dá a padà fún un léraléra; àwọn tó kà á gbẹ̀yìn ní ó ti ń dẹ́rù bani.

Ìròyìn dé etí ẹgbẹ́. Lẹ́tà jáde, lórí bébà tí orúkọ gbogbo olóyè wà lórí rẹ̀: wọ́n gbọ́ pé ẹ̀ka kan ti yọ jáde láìgbàṣẹ, nítorí náà kí ẹ̀ka ọ̀hún wá forúkọ sílẹ̀, kí ó sì san owó ẹ̀ka láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Màmá Tíṣà fa bírò pupa yọ. Ó fi àmì sórí ohun tó yẹ kó ní àmì, ó gé gbólóhùn kẹta sí méjì, ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé “Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbí?”, ó fún un ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá, ó sì fi í rán ọmọ tó mú un wá padà.

Ẹgbẹ́ ti gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni-méje kalẹ̀ lórí ìwà àfojúdi yìí. Alága ìgbìmọ̀ ti bèèrè owó ọkọ̀.