Rélùwéè Agolo Sadíìnì

Ọ̀nà irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Baro ní 1907, tó sì dé Kano ní 1911, Minna ló gbà kọjá. Minna yìí kan náà ni ọ̀nà irin Èkó ti wá pàdé rẹ̀. Ṣé ọmọ tó dàgbà sírú ìlú bẹ́ẹ̀ á wá máa fi bèbí ṣeré?

Agolo sadíìnì la fi ṣe rélùwéè tiwa. A ó fi ìṣó lu wọ́n, a ó fi wáyà so wọ́n kọ́ra wọn, a ó sì gé sílípáàsì tó ti já ṣe táyà. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń dìjà, torí kò sí sílípáàsì tó já tán lójú ìyá Yorùbá. "Ìwọ ọmọ yìí, mo ṣì fẹ́ fi wáyà so ó!" Wáyà wo? Sílípáàsì ti wà lábẹ́ ọkọ̀.

Òórùn ẹja kì í tán lára agolo wọ̀nyí, nítorí náà ológbò àdúgbò ni èrò wa àkọ́kọ́. Kò ra tíkẹ́ẹ̀tì rí.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè gidi máa ń jókòó síwájú ilé rẹ̀. Bí a bá ti ń wọ́ ọkọ̀ kọjá, á ní: "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, owó ìfẹ̀yìntì mi ńkọ́?" Lọ́jọ́ kan, èyí tó kéré jù nínú wa ka ìdérí ìgò mẹ́fà lé e lọ́wọ́. Bàbá tún un kà, ó ní ó ku méjì.