Ìpanu Tí Kò Fẹ́ Iná

Ní Alájue, àdúgbò wa ní Ẹdẹ, imú la fi ń mọ̀ pé Kérésìmesì ti wọlé. Ọdún ò ní tíì pé tí òórùn ṣíń-ṣíń àti pọ́fù-pọ́fù yóò ti gba àdúgbò, tí èéfín òróró yóò máa bọ́ láti ojúlé kan sí èkejì, tí ọyẹ́ yóò sì máa fẹ́ ẹ káàkiri Ẹdẹ. Ìyàwó mi wà lára àwọn tó ń dá èéfín yìí sílẹ̀. Ọdọọdún ló máa ń jókòó ti agbada títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n, èmi á sì máa yọ́ gba ẹ̀yìn rẹ̀ láti bu èyí tó ti tutù. Nígbà tí December 2024 dé, mo ní kó sinmi. Mo ní èmi ni n ó ṣe ìpanu ọdún, àti pé èyí tí mo fẹ́ ṣe kò fẹ́ iná rárá.

"Kò fẹ́ iná?" ó ní. "Bàbá Ìbejì, ṣé gàrí lẹ fẹ́ rẹ fún àwọn àlejò ni?"

Orí fóònù ni mo ti rí nǹkan náà. Obìnrin òyìnbó kan yọ́ ṣokoléètì, ó da ẹ̀pà lílọ̀ sí i, ó da kọ́ńfíléèsì lé e, ó rò ó pọ̀, ó fi ṣíbí bù ú sórí pépà, ó gbé e sí fíríìjì. Ó tán. Kò làágùn, ojú rẹ̀ ò pọ́n, aṣọ funfun tó wọ̀ ò ní àbàwọ́n kankan. Mo wò ó tán, mo ní ṣé èyí náà ni wọ́n ń pè ní iṣẹ́? Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, mo ti fọ́nnu fún ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ní ìjọ wa, mo sì ti fọ́nnu fún Alhaja tó ń ta ẹja yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa.

Ẹni tó bá gbé Ẹdẹ yóò mọ ìdí tí mo fi fi ara mi wewu pẹ̀lú ìfọ́nnu yẹn. Ìlú tí Tìmì Abíbù Lágúnjú ti jẹ ọba ní mùsùlùmí láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé sẹ́yìn ni, tí Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, onítẹ̀bọmi tó mọ ìlù ú lù dójú àmì, sì tún jọba láti 1946 títí di 1975. Odidi ìwé ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ṣe lórí bí mùsùlùmí, kristẹni àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ṣe ń bá ara wọn gbé ní Ẹdẹ. Insa Nolte, Olúkòyà Ògen àti Rebecca Jones ló ṣe olóòtú rẹ̀, ó jáde ní 2017. Èyí tó kan èmi nínú ọ̀rọ̀ ìbágbépọ̀ yìí ni pé bí Alhaja ṣe ń gbé ẹran Iléyá wá fún wa, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé rẹ̀ ń gbé abọ́ wá nígbà Kérésì. Bí ìpanu mi bá bàjẹ́, ìròyìn rẹ̀ á dé ṣọ́ọ̀ṣì, á sì dé mọ́ṣáláṣí.

Kí ẹ má baà sọ pé ojú lásán ni mo fi dáwọ́ lé e, mo kàwé kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo rí i pé ọ̀rẹ́ àtijọ́ ni kọ́ńfíléèsì àti ẹ̀pà lílọ̀. Ilé ìwòsàn àwọn Adventist kan ní Battle Creek, ní Michigan l'Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bá ara wọn pàdé. Ní 1894, Dókítà John Harvey Kellogg àti àbúrò rẹ̀, Will Keith, fi àlìkámà sísè sílẹ̀ pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìgbà tí wọ́n wá fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, ó já sí féléfélé. Àgbàdo tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ní 1895, dókítà kan náà tún kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tó ń gbà lọ ẹ̀pà, torí kò fẹ́ kí àwọn aláìsàn rẹ̀ máa jẹ ẹran. Inú mi dùn nígbà tí mo ka ibẹ̀. Ṣebí yunifásítì Adventist wà ní Ẹdẹ níbí láti 2011, Adeleke University. Mo ní ìpanu yìí ti mọ̀nà ilé wa tipẹ́.

Ibi tí mo kà tí mi ò kà sí ni pé ọ̀tá ata ni Dókítà Kellogg. Ó gbà pé ata àti gbogbo ohun tó ń ta lẹ́nu ń ba ikùn jẹ́. Lórí ṣúgà gan-an, òun àti àbúrò rẹ̀ jà, kí àbúrò tó lọ dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1906. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ ata yẹn sọ́kàn.

Ó wá ku ọjà rírà. Mo lọ sí Òṣogbo láti ra ṣokoléètì, mo wo iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, mo dá a padà sórí pẹpẹ, mo tún mú un, mo tún dá a padà. Oṣù yẹn gan-an ni kòkó wọ́n jù nínú ìtàn: ó ju 12,000 dọ́là lọ fún tọ́ọ̀nù kan ní ọjà àgbáyé, torí pé kòkó ò so dáadáa ní Côte d'Ivoire àti Gánà, níbi tí èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Ọmọ ilẹ̀ kòkó ni mí. Kòkó ló rán ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa lọ sí ilé ìwé. Síbẹ̀ mo dúró níwájú ṣokoléètì, mo ń ṣírò owó bí ẹni fẹ́ ra ilẹ̀. Ẹyọ kan ni mo rà. Mo ní tíì inú agolo tó wà nílé á dí àlàfo tó kù, ṣebí òun náà ní kòkó nínú.

Pínọ́ọ̀tì bọ́tà inú ìgò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo fi í rẹ́rìn-ín. Kí ni n ó máa fi owó ra ẹ̀pà òyìnbó sí, nígbà tí ẹ̀pà yíyan kún ìgò lórí tábìlì ní gbogbo oríta? Mo ra ẹ̀pà, mo bó o, mo fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́rọ tó ń lọta ládùúgbò.

Èrò kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ata ọdún ni gbogbo wọn gbé wá, rodo àti tàtàṣé, ike lórí ike. Ìyá Ẹlẹ́rọ ń fi ọwọ́ gbá èyí tó kù ní ẹnu ẹ̀rọ bọ̀ sínú abọ́ obìnrin kan nígbà tí ó kàn mí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Ẹ̀pà díẹ̀ ni."

"Ẹ dúró díẹ̀, Bàbá Ìbejì. Ata ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́wà tó wà lẹ́yìn yín lọ tirẹ̀ ná, á gbá ata yẹn lọ. Tàbí kí n tú ọlọ rẹ̀, kí n nù ún gbẹ."

Obìnrin yìí ti ń lọta fún Alájue kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń de okùn bàtà. Àmọ́ èmi ń kánjú. Mo ní, "Ìyá, ẹ má da ara yín láàmú. Ata díẹ̀ kì í pa èèyàn. Ẹ sáà fi omi ṣàn án."

Ó wò mí, ó wo ẹ̀pà, ó bu omi dà á. "Ẹ̀pà yín ni o," ó ní.

Ohun tó jáde pọ́n díẹ̀. Ó tún le, torí omi tó kù nínú ẹ̀rọ ti bá a jà: ẹ̀pà lílọ̀ kún fún òróró, bí omi díẹ̀ bá sì kàn án, ńṣe ló máa ń ki pọ̀, kò ní í ṣàn mọ́. Mo fi ìka tọ́ ọ wò ní ojú ọ̀nà. Ọ̀fun mi gbóná. Mo ní ṣokoléètì á bò ó.

Nígbà tí mo délé, mo gbé ìkòkò omi kaná kí n lè gbé abọ́ ṣokoléètì lé e lórí. Ìyàwó mi yọjú láti yàrá.

"Iná tí kò fẹ́ ńkọ́?"

Mi ò dá a lóhùn. Omi ń hó, ṣokoléètì ń yọ́, ó ń dán, ó rí bí mo ṣe rí i lórí fóònù gan-an, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ọ̀rá kòkó kì í nílò ooru púpọ̀, bó bá ti gbóná tó 34 dígíríì báyìí ó ti ń yọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń yọ́ lẹ́nu wa. Omi tèmi ń hó kútúkútú. Ooru ń gba ẹ̀gbẹ́ abọ́ jáde, ó ń di omi, ó ń kán sínú ṣokoléètì, èmi ò kíyè sí i. Lójijì ni ó dì mọ́ ṣíbí. Kò dán mọ́. Ó di gọ́gọ́.

Ìgbà tó yá ni mo mọ ìdí. Ṣúgà àti kòkó lẹ́búlẹ́bú ló wà nínú ọ̀rá nínú ṣokoléètì, wọ́n gbẹ, oníkálukú wà láàyè ara rẹ̀. Bí ẹ̀kán omi méjì bá wọlé, ṣúgà á tutù, á máa lẹ̀ mọ́ ara wọn, ó parí. Ẹni tó bá mọ̀ á dá a dúró níbẹ̀. Èmi da tíì inú agolo lé e, ó tún le sí i. Mo wá ronú pé ohun tó bá le, omi ló ń rọ̀ ọ́, mo sì bu omi gbígbóná sí i, mo tún bu sí i. Ó rọ̀ lóòótọ́. Ó di ọbẹ̀. Ṣokoléètì tó bá ti di ọbẹ̀ báyẹn kò ní í dì mọ́ láéláé.

Èrò tèmi ni pé iná láàánú ju àìsí iná lọ. Bí ṣíń-ṣíń bá rọ̀ jù, òróró á mú un le. Bí pọ́fù-pọ́fù bá wọ́, ta ló máa rí i tó bá ti pọ́n dáadáa? Ìpanu tí kì í bá iná pàdé, gbogbo àṣìṣe tí ọwọ́ bá ṣe sí i ni yóò gbé dé ẹnu àlejò.

Mo da ẹ̀pà oníata sí i. Mo da kọ́ńfíléèsì sí i. Àwọn Ìbejì ti ń ṣí páálí náà láti ọjọ́ tí mo ti rà á, nítorí náà kò pọ̀ tó bí mo ṣe rò. Ọbẹ̀ gbé e mì, gbogbo rẹ̀ rọ̀ pẹ̀jẹ́pẹ̀jẹ́. Mo rán wọn lọ ra èyí tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá kéékèèké, mo fọwọ́ run ún sí i títí nǹkan náà fi ki, tí kò sì ṣeé fi ṣíbí bù sórí pépà mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ yí i róbótó. Ìyàwó mi gba ibẹ̀ kọjá, ó wò ó, ó kàn ní, "Ẹ kú iṣẹ́."

Ó ku fíríìjì. Iná ìjọba ti lọ láti àná, ẹ ò sì ní bá mi jiyàn pé ó yẹ kí n ti ro ìyẹn tẹ́lẹ̀. Mo gbé atẹ́ mi lọ bá Alhaja. Ó ní jẹnẹrétọ̀, ó ní fíríísà tó tóbi, ó sì láàánú. Ó ti kòtè sápá kan, ó ti páńlá sápá kejì.

"Bùọ̀dá, ẹ fi ọ̀rá dì í dáadáa o," ó ní. "Ẹja ò mọ àlejò."

Mo ní pépà tí mo fi bò ó ti tó. Kò tó. Ọ̀rá kì í kọ òórùn, bọ́tà tí ẹ bá gbé ti àlùbọ́sà á sọ fún yín. Ẹ̀pà àti ṣokoléètì sì rèé, ọ̀rá ló kún inú àwọn méjèèjì.

Ọjọ́ Kérésì, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìrẹsì ti délẹ̀, ilé kún. Mo gbé atẹ́ jáde, mo ṣí i, mo sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa Battle Creek. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ mú. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé Alhaja mú ẹyọ kan, ó gé e jẹ, ó dúró, ó tún gé e. Ó wá kígbe pe àwọn tó kù:

"Ẹ wá o! Dónkùwà ni!"

Orí mi wú. Ọmọ yìí ò parọ́. Àgbàdo yíyan lílọ̀, ẹ̀pà, ṣúgà, atalẹ̀ àti ata gbígbẹ ni àwọn Hausa ń pò pọ̀ tí wọ́n ń yí róbótó, tí wọ́n sì ń tà kiri láìgbé e kaná mọ́. Àgbàdo inú páálí, ẹ̀pà inú ìgò àti rodo Alájue ni èmi fi ṣe tèmi, mo sì ná owó ṣokoléètì lé e lórí. Ohun tí Kellogg kórìíra gan-an ló gba ìpanu rẹ̀ là. Àwọn ọmọ yẹn ya bò ó, wọ́n ń jẹ ẹ́, wọ́n ń mu omi, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu.

"Ṣùgbọ́n ó ń rùn bíi kòtè," ọ̀kan nínú wọn ní. Alhaja, tó wá kí wa, jẹ díẹ̀, ó ní iyọ̀ ló kù.

Ìyàwó mi dìde wẹ́rẹ́, ó lọ sí yàrá, ó gbé ike ńlá kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣíń-ṣíń ló kún inú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti lọ dín in. Ìyá Ẹlẹ́rọ ló ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ tí mo lọ ẹ̀pà, pé kó tètè po ìyẹ̀fun.

Ìyá Ẹlẹ́rọ fúnra rẹ̀ dé nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí ó ti jẹ ìrẹsì káàkiri àdúgbò. Mo fún un ní ẹyọ tó kù nínú atẹ́. Ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú sùúrù, ó dijú díẹ̀.

"Ata Ìyá Alákàrà rèé," ó ní. "Òun ni mo lọta fún ṣáájú yín. Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ti sanwó ata rẹ̀ fún un?"