Ìlú Tó Ń Lọ Irin, Tí Kì í Lọ Bọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ọmọ Ìlọrin, ẹ̀fẹ̀ ni o. Ẹ má tìtorí ẹ̀ gun ẹṣin wá bá mi nílé.

Ìbàdàn fi ẹ̀bá ọ̀dàn ṣorúkọ. Abẹ́òkúta sá sábẹ́ òkúta. Àwa náà rí òkúta, a ò sá sábẹ́ ẹ̀. À ń lọ irin lórí ẹ̀, a sì sọ iṣẹ́ ọwọ́ di orúkọ ìlú. Òkúta ọ̀hún ṣì wà ní Ìdí-Àpé. Àwọn kan ní irọ́ ni, Ìlú Erin ni wọ́n ń pè wá tẹ́lẹ̀. Ẹ bá mi dá wọn lóhùn pé erin ti lọ, òkúta ò lọ.

Lọ yìí gan-an ló ń dà mí láàmú. Alájì Lọ ni mo máa ń pè é, nítorí kò síbi tí kì í dé. Ẹni mẹ́ta ló wà nínú agbádá kan ṣoṣo. Lọ tó ń rìn ò ru àmì kankan, ọwọ́ ẹ̀ ṣófo bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń lọ ọjà lógúnjọ́ oṣù. Lọ́ gbé imú sókè bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè. Òun ló ń lọ́ okùn, òun náà ló ń dúró lójú ọ̀nà tó ń lọ́ awakọ̀ lọ́wọ́ gbà. Lọ̀ ní tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí àna tuntun. Àmọ́ kó ṣáà ti rí ata, aṣọ tàbí irin níwájú, á gbọn eruku níkùn, á dìde: lọ ata, lọ aṣọ, lọ irin. Ẹ ò wá ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ẹni tó ń lọ ọjà mọ́. Láti 1966 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ti to gírámà wa sínú ìwé, ṣùgbọ́n ta ló ń gbé gírámà dání lọ síbi ẹ̀rọ ata?

Ìyàwó mi fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi lánàá, kò fi àmì kankan sí i: “Lo aso mi, mo ti lo.” Mo ronú títí. Ṣé kí n lò ó ni, ṣé kí n lọ̀ ọ́, àbí kí n lọ́ ọ? Kí ó tó dé, mo ti ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú aṣọ náà ló bá mi.

Ẹ tún wo àlejò Ìlọrin. Ó ní “mò ń lọ” lẹ́yìn Àlàásárì. Ó tún un sọ lẹ́yìn Mọ̀gàríbì. Wọ́n ti kírun Ìṣáì tán, ó ṣì ń dágbére fún wàrà inú abọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nílùú yìí, iná mànàmáná nìkan ló máa ń lọ láìdágbére. Ọjọ́ tí àlejò náà bá wá fẹ́ lọ lóòótọ́, “mò ń bọ̀” ló máa wí! Ẹ̀rù lọ ń bà á. Bí wọ́n bá ní “Bàbá ti lọ,” ṣé ẹ máa ń bi wọ́n bóyá Ọjà Ọba ni?

Ní Jàpáànù (kì í ṣe jápa o, bí wọ́n tilẹ̀ jọra bí ìbejì), ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń pe lọ: iku. Iku! Kí ará ibẹ̀ kan ṣèèṣì wí i ní Pàkátà nílùú wa níbí pé òun fẹ́ iku báyìí, àkàrà sàráà á ti wà nínú epo kó tó wọ bàtà. Àwọn náà kì í sì í wí i lásán tí wọ́n bá ń jáde nílé. Itte kimasu ni wọ́n ń sọ, ìyẹn ni pé mo lọ, mo bọ̀. Ará ilé á dáhùn pé itte rasshai: lọ kó o bọ̀. Ta ló kọ́ wọn? Ó ní láti jẹ́ pé ọmọ Ìlọrin kan ti ṣàlejò lọ́hùn-ún rí. Tó bá sì jẹ́ tiwa lóòótọ́, ó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, ó ń dágbére.

Ìyàwó mi ń pariwo pé aṣọ òun dà. Ẹ jọ̀ọ́, mò ń bọ̀.