Ta Ló Kọ́kọ́ Ni Chevelle Mi?

Ẹni tó bá rò pé òun ti jẹ ìyà lórí fóònù, kó fi Gẹ̀ẹ́sì tó ń ta sánsán Ìbàdàn pe bàbá òyìnbó ẹni ọgọ́rin ọdún kan ní Baltimore, kó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti ra ọkọ̀ Chevrolet aláwọ̀ ewé rí nígbà tí ẹ wà lọ́dọ̀ọ́? Ọwọ́ mi ló wà báyìí." Kò ní sọ ọ́ tán tí fóònù á fi kú. Àwọn kan á kọ́kọ́ bú èèyàn kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀. Ìyá àgbà kan tiẹ̀ dá mi lóhùn pé ọmọ òun ti kìlọ̀ fún òun nípa mi. Nípa èmi kẹ̀! Níbo ni ọmọ yín ti mọ̀ mí, ìyá?

Mi ò béèrè nọ́ńbà báńkì. Mi ò béèrè káàdì. Mi ò sọ pé ọmọ ọba ni mí, mi ò sì sọ pé bàbá mi fi owó ńlá sílẹ̀ síbì kan. Ohun tí mò ń wá kò ju orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ tí mo fi òógùn ojú mi rà lọ. Àwọn gbájúẹ̀ ti ba ohùn wa jẹ́ káàkiri ayé, èmi tí mò ń wa bọ́ọ̀sì jẹun ni mo wá ń san gbèsè wọn.

Chevelle SS 396 ni ọkọ̀ náà, ti ọdún 1969. Láti 1964 ni àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà ti ya wèrè yìí: wọ́n á mú ọkọ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, wọ́n á ki ẹ́ńjìnnì ràgàjì bọ̀ ọ́ nínú, wọ́n á sì tà á fún àwọn ọ̀dọ́ ní iye tí apá wọn ká. Pontiac gbé GTO jáde, Chevrolet, Ford, Dodge àti Plymouth kò sì gbà kó dá oyè náà jẹ. Muscle car ni wọ́n ń pe irú wọn. Nígbà tí epo wọ́n ní 1973, owó ìńṣọ́ránsì ti gòkè, òfin èéfín ti dé, eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹ́ńjìnnì tèmi ní sílíńdà mẹ́jọ, ó sún mọ́ lítà mẹ́fà àtààbọ̀. Agbára ẹṣin 325 ló ní, èyí tó sì kéré jù nínú ìdílé rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá tá a láàárọ̀ Sátidé, ó máa ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta méjì tó ń bára wọn jà ní ọjà Bódìjà. Aládùúgbò mi ti kọ lẹ́tà. Ti epo tó ń mu, kí n má kọ ọ́ síbí, ìyàwó mi mọ̀wé kà.

Àwọn tó ni irú ọkọ̀ yìí máa ń pàdé lọ́jọ́ ìsinmi. Wọ́n á ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, wọ́n á gbé àga sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n á jókòó ti kúlà wọn. Bí wọ́n bá ti kí ọ tán báyìí, ohun tó kàn ni, "Ta ló kọ́kọ́ ni ín?" Ọkùnrin kan gbé fọ́tò sójú gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀: ọmọ ológun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Vietnam dé ló fara ti ọkọ̀ náà, owó tó kó jọ lójú ogun ló sì fi rà á. Ẹlòmíràn ní rìsíìtì ọjọ́ tí wọ́n san àsansílẹ̀, ó ti fi férémù gbé e kọ́. Bó bá wá kàn mí, mo máa ń sọ pé ọwọ́ ẹni tó rà á níbi gbàǹjo ni mo ti rà á. Wọ́n á mi orí, wọ́n á sì rọra kọjá lọ sídìí ọkọ̀ tó kàn.

Ẹ má bínú, irú ìbéèrè yìí kò sí nílùú wa. Tòkunbọ̀ ni gbogbo wa ń gùn. Nígbà kan, ọkọ̀ á ti Jámánì wọ Kútọnu, á gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé, orúkọ oníbúrẹ́dì òyìnbó àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ á ṣì wà lára bọ́ọ̀sì tó ń kó èrò. Ta ló wá oníbúrẹ́dì yẹn lọ rí? Nígbà tí mo ròyìn fún ẹ̀gbọ́n mi nílé, ó kọ́kọ́ dákẹ́. Ó wá ní, "Ṣé o ti sanwó ọkọ̀ náà tán?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ìwé rẹ̀ ń kọ́?" Mo ní ó wà lọ́wọ́ mi, sà. "Kí ló wá dé tí ò ń fi owó ara rẹ wá ẹni tó máa ní kí o dá a padà?" Ìyàwó mi ní tirẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kí wọ́n gbàdúrà sí ọkọ̀ náà, nítorí a ò mọ ohun tó ń lé mi kiri. Wọ́n da òróró sórí bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Òróró, lórí pẹ́ńtì 1969, ẹ̀yin èèyàn mi!

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ọkọ̀ yìí lè jẹ́ ojúlówó, ó sì lè jẹ́ ayédèrú, ẹni àkọ́kọ́ yẹn sì lè là á. Ní 1969, SS kì í ṣe ọkọ̀ ọ̀tọ̀, àfikún tí èèyàn ń sanwó lé ni. Nọ́ńbà tó wà lára ọkọ̀ kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ rárá. Ó máa sọ pé Chevelle Malibu onísílíńdà mẹ́jọ ni, ó máa sọ ọdún àti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti tò ó, ó parí. Wọ́n ṣe SS 396 tó lé ní 86,000 lọ́dún náà. Iye tó ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n, nítorí àmì SS kò wọ́n, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ kò sì wọ́n.

Ìtàn ni owó. Mustang tí Steve McQueen wà nínú fíìmù Bullitt ní 1968, ìdílé Kiernan rà á ní 1974, ìyá ilé, tó jẹ́ olùkọ́, sì ń gbé e lọ síbi iṣẹ́. Ní 1977, McQueen fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà pé kí wọ́n jọ̀ọ́ tà á fún òun. Wọn ò tà á. Ní 2020 tí wọ́n gbé e lọ sí gbàǹjo, wọn ò tún un kùn, wọn ò bo egbò ara rẹ̀, $3,740,000 ni àpapọ̀ owó tó gbà lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Èmi ò retí irú ìyẹn. Kí wọ́n ṣáà má mi orí sí mi mọ́.

Ẹni tó ní Ford sàn jù mí lọ. Ọ̀gbẹ́ni Kevin Marti ní ìwé ilé iṣẹ́ Ford láti 1967, ó sì lè sọ ibi tí wọ́n kó ọkọ̀ rẹ lọ àti ohun tí wọ́n fi sí i. Àwọn oní-Pontiac ní tiwọn náà. Oní-Dodge á ṣí ìjókòó ẹ̀yìn, á sì rí ìwé tí àwọn tó ń to ọkọ̀ náà fi ṣiṣẹ́ nínú sípíríǹgì ìjókòó. Síbẹ̀, kò sí orúkọ ẹni tó ra ọkọ̀ nínú gbogbo ìyẹn. Orúkọ ẹni, àwa oní-Chevrolet lè rí i: irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Protect-O-Plate, tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìwé wárántì, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ra ọkọ̀ á sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Tèmi wà. Mo bá a lẹ́yìn àpótí kékeré iwájú ọkọ̀, ibi tó já bọ́ sí láti ọdún gbọ́nhan. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń fà á jáde. Irin náà mọ́ tónítóní, nọ́ńbà rẹ̀ sì bá ti ọkọ̀ mu. Ìwé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, eku ti jẹ ẹ́. Ó jẹ orúkọ, ó jẹ òpópónà, ó jẹ nọ́ńbà ilé, ó wá fi "Baltimore, Md." sílẹ̀ fún mi. Ojú ìwé gbọọrọ tó ṣàlàyé bí a ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì, kò fẹnu kàn án. Bí wọ́n bá ní ẹnì kan rán eku yẹn níṣẹ́, mo máa gbà.

Baltimore náà ni wọ́n ti to ọkọ̀ ọ̀hún. Lẹ́tà B tó wà nínú nọ́ńbà rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní Broening Highway ni ilé iṣẹ́ náà wà láti 1935 títí di 2005 tí wọ́n tì í pa. Ilé ìkẹ́rù Amazon ló wà lórí ilẹ̀ náà lónìí, àwọn ọmọ wa sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń di àpótí lóru. Ilé ìtajà tó ta ọkọ̀ náà, tí mo rí orúkọ rẹ̀ lára irin kékeré tó wà lẹ́yìn búùtù, ti di ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ. Mo wọlé síbẹ̀ ṣá. Ọmọbìnrin tó ń gba owó ní ṣé mo mú aṣọ wá ni.

Àwọn tó ń ta ìtàn ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Wọ́n ní nọ́ńbà ọkọ̀ mi kò pé. Kò pé báwo? Ọdún 1981 ni òfin sọ pé kí gbogbo nọ́ńbà di ẹyọ 17. Ẹyọ 13 ni ti tèmi, bẹ́ẹ̀ ni Chevrolet ṣe kọ ọ́, èmi kọ́ ni mo gé e kù. Kọ̀ǹpútà ò gbọ́. Ó fi pupa kọ ọ́ sí mi lójú pé kí n lọ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Mo bá gba ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tẹ́tí sí mi, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó wá ní òfin kò gbà kí òun sọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín. Òfin náà sì ní ìdí. Ní 1989, ọkùnrin kan tó ń tọ Rebecca Schaeffer, òṣèré ọmọ ọdún 21, lẹ́yìn gba àdírẹ́sì rẹ̀ nípasẹ̀ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tó rí i nínú ìwé ọkọ̀ ìpínlẹ̀ Kalifọ́ńíà, ó sì lọ yìnbọn pa á lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ní 1994, ìjọba àpapọ̀ ṣòfin pé wọn ò gbọdọ̀ máa fa orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn ọlọ́kọ̀ lé ẹni tó bá kàn béèrè lọ́wọ́. Mi ò lè bá irú òfin bẹ́ẹ̀ jà. Mo kí òṣìṣẹ́ náà, mo bọ́ síta, mo sì bínú sí apànìyàn yẹn lákọ̀tun.

Fóònù ló wá kù. Mo ń bá àwọn arúgbó tó gbé ní àdúgbò ilé ìtajà yẹn sọ̀rọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹni tí kò gbé fóònù sílẹ̀ ló rántí ọkọ̀ mi. Ẹnì kan ní pupa ni. Ẹnì kan ní òun gan-an ló ni ín, ó sọ ọ́ títí omi fi bọ́ lójú mi, kí n tó gbọ́ pé Camaro ló ń sọ. Bàbá kan tó jẹ́ opó ṣe sùúrù fún mi jù. Ó béèrè ìlú mi, ó béèrè àwọn ọmọ mi, ó sọ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe kú. Ó ṣì máa ń pè mí lálẹ́ Sọ́ńdè, ìyàwó mi náà sì ti ń kí i. Buick ló rà.

Nígbà tí òyìnbó ń wá oní-ọkọ̀, ẹ wá gbọ́ bó ṣe rí. Mustang tó ní nọ́ńbà àkọ́kọ́, àpẹẹrẹ lásán tí wọn ò fẹ́ tà ni, ṣùgbọ́n ní 1964 wọ́n ti tà á fún Stanley Tucker, awakọ̀ òfúrufú ní St. John's ní ilẹ̀ Kánádà. Ford wá a kàn. Ó kọ́kọ́ kọ̀ fún wọn, ó ń gbádùn ọkọ̀ rẹ̀. Ní 1966, nígbà tí Mustang pé mílíọ̀nù kan, wọ́n fi tuntun pààrọ̀ ti ọwọ́ rẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò àti àtẹ́wọ́. Ti àkọ́kọ́ wà ní mùsíọ́ọ̀mù Henry Ford ní Dearborn lónìí. Tucker ò gbé fóònù sílẹ̀ mọ́ wọn létí. Tó bá jẹ́ pé èmi Tajudeen ni mo pè é láti Ford ńkọ́?

Nítorí náà, ẹ̀yin ni mo dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin àǹtí àti ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń tọ́jú àwọn arúgbó òyìnbó nílé àti nílé ìtọ́jú, ní Baltimore, ní Towson, ní Dundalk. Àwọn yẹn fọkàn tán yín, ọwọ́ yín ni wọ́n ti ń gba oògùn àti oúnjẹ. Bí ẹ bá ń fún bàbá lóúnjẹ àárọ̀, ẹ bá mi bi í léèrè bóyá ó ra Chevelle ní 1969: aláwọ̀ ewé, òrùlé dúdú, ibi tí sìgá ti jó ìjókòó awakọ̀ lápá òsì. Ẹ sọ fún un pé kò ní san kọ́bọ̀, mi ò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan fi ọ̀bẹ kọ "Dottie" sínú ìdérí àpótí iwájú, ẹ lè fi ìyẹn dán an wò. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó rẹ̀ bá wà nítòsí, tí orúkọ rẹ̀ kì í sì í ṣe Dottie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.