Ẹbọ Igi Ẹ̀yìnkùlé

Àwọn kan a máa pa òwe náà pé kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò, nítorí bí ó bá dàgbà tán, apá kò ní í ká a mọ́. Àwọn mìíràn a sì máa wí pé bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà lọ́wọ́ ẹni. Ní tèmi o, lẹ́yìn ohun tí ojú mi ti rí ní Èrúwà, ìlú Eléruwà, ti àwọn ẹlẹ́bọ ni mo fara mọ́, àfi pé mo ní àtúnṣe díẹ̀ sí i: nígbà ayé àwọn baba wa, ìrókò nìkan ni ó ń gba irú ẹbọ bẹ́ẹ̀, ìrókò Olúwéré, àgbà igi inú ẹgàn, tí ó lè ga tó àádọ́ta mítà, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ pé òun ni òun gbìn ín, ṣùgbọ́n ní ayé ọ̀làjú tí a wà yìí, máńgòrò ń gbẹbọ, fúrúùtù ń gbẹbọ, dóńgóyárò ń gbẹbọ, mẹ̀línà tí a fi ọwọ́ ara wa rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná sì ti di òrìṣà tí ń béèrè tirẹ̀ lọ́dọọdún.

Aládùúgbò mi kan wà lójú ọ̀nà tí ó lọ láti Èrúwà sí Lànlátẹ̀, ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọlúàbí ènìyàn ni, bí kò bá ti jẹ́ ọ̀rọ̀ igi. Nígbà tí ó kọ́lé tán, tí ọ̀dà ara ògiri kò tíì gbẹ, ó gbin mẹ̀línà sí ibi tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ sí ògiri náà, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé igi yìí kì í pẹ́ dàgbà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nígbà tí ó ga tó orí ènìyàn, bàbá akọ̀pẹ kan tí igbà kì í kúrò ní èjìká rẹ̀ yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó sì wí pé, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n bá yín rẹ́ igi yìí, kí ó lè mọ ibi tí yóò dojú kọ. Owó ẹmu lásán ni ẹ ó fún mi.” Aládùúgbò mi rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ẹ ṣeun o, ṣùgbọ́n ẹ fi í sílẹ̀. Kékeré ṣì ni.”

Ẹ gbọ́ bí ó ti sọ ọ́! Òwe ní nítorí pé ó kéré ni kí a ṣe rẹ́ ẹ. Ọ̀làjú ní nítorí pé ó kéré ni kí a ṣe fi í sílẹ̀. Igi náà dàgbà: ó gba oòrùn lọ́wọ́ ata, ó na apá kan bo páànù, ó na èkejì bo wáyà iná, títí ìjì àkọ́rọ̀ òjò oṣù Ẹrẹ́nà ọdún kan fi dé, ìjì tí gbogbo Ìbàràpá mọ̀ pé kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé, tí ó ṣẹ́ ẹ̀ka kan, tí ó sì fi ẹ̀ka náà ṣí òrùlé ilé ìdáná bí ẹni ń ṣí ìdérí ìkòkò ọbẹ̀. Ẹbọ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Kò pe bàbá akọ̀pẹ, nítorí lójú ẹni tí ń gun mọ́tò, ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn kò lè mọṣẹ́. Orí fóònù ni ó ti rí àwọn tí ó pè, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti ìlú ńlá, tí wọ́n dé akoto, tí wọ́n wọ ẹ̀wù tí ń kọ mọ̀nà, tí wọ́n sì gbé ẹ́ńjìnnì ìgégi dání, irú èyí tí Andreas Stihl ará Jámánì ti ṣe jáde, tí ń lo bẹntiróòlù, láti 1929. “Dádì,” ni olórí wọn wí, “ẹ fọkàn balẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ni.” Ó kúkú pa àdéhùn mọ́. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí kì í ti ìdí bẹ̀rẹ̀ igi tí ó sún mọ́ ilé. Òkè ni wọ́n ti ń bọ̀, wọn a fi okùn so ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, wọn a sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí abiyamọ ti ń sọ ọmọ. Bí ẹ̀ka bá sì wúwo, wọn a kọ́ fi ayùn kàn án lábẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gé e láti òkè, kí ó má baà bó èèpo ìyá rẹ̀ lọ. Àwọn wọ̀nyí bẹ ìdí igi wò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tanná sí ẹ́ńjìnnì. Àwọn àgbà ní bí igi bá wó lu igi, ti òkè ni a kọ́ ń gbé. Ṣùgbọ́n wọn kò fi òwe kankan sílẹ̀ nípa igi tí ó wó lu ògiri, tí ògiri wó lu táńkì omi, tí omi sì gbá òròmọdìẹ mẹ́sàn-án lọ. Èmi ni mo ni àwọn òròmọdìẹ náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí n tún un sọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá ka ẹbọ. Látijọ́, ẹni tí ó fẹ́ gé ìrókò yóò mú àkùkọ, yóò mú ẹ̀kọ, yóò mú epo pupa, yóò sì bẹ Olúwéré kí ó jọ̀wọ́ ṣípò; a ti kàwé báyìí, a sì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Aládùúgbò mi san owó ọkọ̀ ní àlọ àti àbọ̀, ó san owó ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin, tí méjì nínú wọn kò ṣe ju kí wọ́n máa wòkè lọ, ó ra oúnjẹ, ó ra ohun mímu tútù, ó sì ra epo. Epo ni ti àtijọ́, epo náà ni ti òní, kìkì pé ti òní ń gbiná. Lẹ́yìn èyí ni ó tó kan bíríkìlà àti oní-páànù. (Ará Èkó tún ní tiwọn lọ́tọ̀, nítorí òfin ìpínlẹ̀ wọn ní kí a gbàṣẹ lọ́wọ́ àjọ ìjọba tí ń jẹ́ LASPARK kí a tó gé igi lulẹ̀.) Èyí tí ó dùn mí jù ni pé, látijọ́, bí àwòrò bá gba ẹbọ tán, yóò fi òrìṣà sílẹ̀ fún olórìṣà, àwọn àwòrò òde òní gba ẹbọ tán, wọ́n ju ìtì igi sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n gbé òrìṣà lọ. Ní Ìbàràpá níbí, níbi tí wọ́n ti ń sun èédú! Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, mo pàdé ìyàwó rẹ̀ níbi tí ó ti ń ná èédú.

N kò wí pé ẹ̀kọ́ kò dára. Igbó Ọba Olókemejì, tí kò jìnnà sí wa, ti wà láti 1899, ara àwọn tí ó kọ́kọ́ wà ní Nàìjíríà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbin tíìkì tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Éṣíà ní 1902. Ní Ìbàdàn, ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ igbó ti wà láti 1939. Bí ẹ bá bi àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ léèrè, ọ̀rọ̀ bàbá akọ̀pẹ ni wọn yóò tún sọ fún yín: kí a rẹ́ ẹ nígbà tí ó kéré, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí ìjì tó dé. Èrúwà sì kọ́ ni ó yẹ kí ó máa fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun èlò tí ó wà nítòsí, nítorí nínú ìlú yìí ni Dókítà Awójobí, oníṣẹ́-abẹ tí ó ṣaláìsí ní 2015, ti fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ẹ̀rọ tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò. Bí kẹ̀kẹ́ bá wúlò fún ẹ̀jẹ̀, ṣé igbà àti àdá ni kò ní wúlò fún mẹ̀línà?

Gígé kì í sáàbà pa mẹ̀línà. Òjò kò tíì rọ̀ tán lọ́dún náà tí kùkùté fi hu èéhù mẹ́ta, wọ́n dán, wọ́n tutù yọ̀yọ̀, aládùúgbò mi sì gbé àga jáde nírọ̀lẹ́, ó ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ọmọ ọmọ rẹ̀. Bàbá akọ̀pẹ ń kọjá lọ, ó dúró, ó kí i, ó ní kí ó jẹ́ kí òun dín wọn kù sí ẹyọ kan.

“Bàbá, ẹ dákun,” ni ọ̀gá wí, “kékeré ṣì ni.”

Bàbá wo èéhù, ó wo ògiri tuntun, ó tún fi igbà kọ́ èjìká. “Kò burú, Ọ̀gá,” ni ó wí. “Màá tún yà.”