Ọwọ́ Afúnni àti Ojú Afúnni

Nígbà tí àwọn àgbà bá sọ pé ọwọ́ afúnni ní í lékè, ohun tí wọ́n ń wò ni ọwọ́ méjì tí ó pàdé, tí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tí ń fúnni dojú kọ ilẹ̀, tí ti ẹni tí ń gbà sì ṣí sókè bí àwo. Ìṣírí ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe fún ẹni tí ó ní, kí ó má baà háwọ́. Àwọn kan tí ń ṣe Kérésìmesì lóde òní ti ka òwe náà sẹ́yìn. Lójú tiwọn, kí ọwọ́ lè lékè ni a ṣe ń fúnni, bí ọwọ́ náà kò bá sì lékè nínú fọ́tò, a jẹ́ pé a kò tíì fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ebi tí wọ́n fi ń ya fọ́tò yìí kì í ṣe àfẹnusọ. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ìyẹn owó tí ìjọba ń fi kún iye tí aráàlú fi ń ra epo, ti dópin, owó ọkọ̀, owó gàárì àti owó ìrẹsì ni ó jọ gun òkè àjà. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Nígbà tí Kérésìmesì ọdún náà fi dé, gbogbo rẹ̀ kò tó ra àpò ìrẹsì ńlá kan lọ́jà.

Ẹni tí ó bá pín ìrẹsì fún opó nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀ ṣe ohun tí ẹ̀sìn Kristi pa láṣẹ. Bí wọ́n ṣe ń pín in ni ó gba àkíyèsí. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni wọ́n ní kí àwọn opó péjọ, ọ̀sán gangan ni olóore dé. Lábẹ́ bánà, ìyẹn aṣọ rọ́bà gbàgàdà tí wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ sí, yóò di etí ọ̀rá ìrẹsì kan mú, ìyá arúgbó yóò di etí kejì mú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀ títí ayàwòrán yóò fi ní ó ti tó. Bí olóore bá ṣẹ́jú, wọ́n á gba ìrẹsì náà padà, wọ́n á sì tún un fún un: ẹ̀ẹ̀mejì ni a fún ìyá yìí ní ẹ̀bùn, kóńgò méjì péré, ìyẹn abọ́ tí àwọn oníṣòwò fi ń wọn ọkà, ni ó sì gbé relé. Nínú Mátíù orí 6, Jésù bẹnu àtẹ́ lu àwọn tí ń fun kàkàkí nígbà tí wọ́n bá ń ṣe àánú, ó sì fẹ́ kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọ̀tún ń ṣe. A kò lè ní wọn kò pa àṣẹ yẹn mọ́, nítorí ọwọ́ òsì kò ráyè mọ ohunkóhun, fóònù ni ó gbé dání.

Ẹ̀bùn kan tún wà tí ó da òwe náà rú pátápátá. Hámpà ni, apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n kó wáìnì, bisikíìtì àti mílíìkì sí, tí wọ́n fi ọ̀rá tí ń dán wé. Hámpà kì í sọ̀ kalẹ̀, òkè ni ó máa ń gùn: agbaṣẹ́ṣe ń gbé e lọ bá kọmíṣọ́nnà, òṣìṣẹ́ ń gbé e fún ọ̀gá, àwọn ọmọ ìjọ tí wọ́n ṣa owó jọ ń gbé e lọ sí ilé pásítọ̀ tí hámpà mẹ́fà ti wà ní pálọ̀ rẹ̀. Níbẹ̀, afúnni ni ó dọ̀bálẹ̀, ọwọ́ ẹni tí ń gbà ni ó lékè, ẹnikẹ́ni kò sì pe ayàwòrán.

Ẹ̀fẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ní ibi tí ó mọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọdé 35 kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ níbi ayẹyẹ àwọn ọmọdé ní Bàṣọ̀run, Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 21, ènìyàn 10 kú ní Maitama, Àbújá, nínú ọgbà ìjọ tí wọ́n ti fẹ́ pín oúnjẹ, àwọn mìíràn sì kú ní ìlú Okija nítorí ìrẹsì. Fọ́tò kọ́ ni ó pa wọ́n. Ebi ni, àti ẹ̀bùn tí kò mọ ilé ẹnikẹ́ni, tí ó fi di dandan kí èrò wọ́ jọ sí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo.

Ẹ̀bùn tí ó mọ ilé ti wà nílẹ̀ Yorùbá tipẹ́. Lọ́jọ́ Kérésìmesì, ìyá ilé yóò bu ìrẹsì àti adìyẹ sínú abọ́, yóò fi àwo dé e, yóò sì rán ọmọ sí Àlàájà tí ilé wọn jọ fara kan ara wọn, nítorí ẹran Iléyá ti ọ̀dọ̀ Àlàájà wá rí. Ọmọ náà yóò kúnlẹ̀, yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ sókè, yóò ní, “Màámi ní kí ẹ gba oúnjẹ ọdún, mà.” Ọwọ́ afúnni ni ó wà nísàlẹ̀ yẹn. Ẹni tí ó wà lójú pópó kò sì lè mọ̀ bóyá itan ni ó wà lábẹ́ àwo tàbí ọrùn, èyí tí ó bo àṣírí afúnni náà lọ́dún tí owó kò sí.

Àlàájà yóò fọ abọ́ náà, yóò dá a padà. Ọ̀rá tí wọ́n tẹ ojú olóore sí kì í padà síbì kankan. Bí kóńgò méjì bá ti tán, eérú, èèpo àlùbọ́sà àti egungun ẹja ni ìyá arúgbó yóò dì sínú rẹ̀, yóò sì jù ú sí ààtàn, níbi tí ojú afúnni yóò ti máa rẹ́rìn-ín, tí yóò sì lékè gbogbo pàǹtí.